Santo Niño Lábẹ́ Kíbọ́ọ̀dù Ìyàwó Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, nínú ìwé yìí ẹ ti ka ìtàn ẹni tó ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ẹ sì ti ka ti ẹni tó gba ọkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Tèmi kò tó bẹ́ẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù ni tèmi. Mo dọ́gbọ́n mú kí kíbọ́ọ̀dù ìyàwó mi lọ́ra, kí n lè nà án nínú géèmù.

Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Gbogbo ará Villa, àdúgbò wa, rín in. Ìyàwó mi gan-an rín in títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ náà.

Teodulfo ni orúkọ mi, Dulfo ni wọ́n ń pè mí. Fáànù ni mò ń tún ṣe. Gilda, ìyàwó mi, òdòdó ni tirẹ̀. Ó ń fi okùn àti wáyà so sampagita, òdòdó funfun olóòórùn dídùn, fún ìyàwó tuntun, fún òkú, fún pẹpẹ ìjọ. Bí ó bá ń so ó, ojú rẹ kò ní rí ìka rẹ̀. Òdòdó nìkan ni wàá rí tó ń gùn sí i.

Ìka yẹn kan náà ni ó fi ń lu ènìyàn nínú géèmù. Géèmù ìjà ni, ẹni méjì ń fi ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀ bá ara wọn jà. Ọdọọdún, bí àjọ̀dún Santo Niño, Ọmọ Mímọ́ tí ìjọ wa ń bọlá fún, bá dé, àdúgbò wa á ta aṣọ funfun ńlá sí pápá básíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà méjì síwájú rẹ̀, ìdíje á bẹ̀rẹ̀. Ọdọọdún ni Gilda ń gba odidi ẹlẹ́dẹ̀ sísun tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀bùn. Èmi ni mo máa ń gbé ẹlẹ́dẹ̀ náà lé èjìká lọ sílé. Àwọn ènìyàn á máa kí Gilda, wọ́n á máa kí ẹlẹ́dẹ̀. Wọn kì í kí mi.

Géèmù náà ló so wá pọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Manong Kiro ni (Manong ni à ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbí), nígbà tí àwa méjèèjì ṣì ń wọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́. Ó lù mí, ó tún lù mí, ó wá yí ojú sí mi.

"Ṣé ibí ni o ti fẹ́ sunkún," ó ní, "àbí kí n bá ọ jáde síta?"

Mo ní kó bá mi jáde síta. Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, wáyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ̀san lára ìka Gilda. Bí ó bá jí láàárọ̀, àfi kó ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná kí ìka tó lè ká.

"Dulfo," ó ní, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú abọ́ omi, "bí wọ́n bá nà mí lọ́dún yìí, mo fi géèmù sílẹ̀. Òdòdó nìkan ni màá máa fi ìka mi ṣe."

"Ta ni yóò nà ọ́?"

"Mi ò mọ̀. Bóyá ìwọ."

A wo ara wa. Ẹ̀rín sì gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri, òsúkè mú un.

"Má bínú," ó ní, "má bínú, Dulfo. Omi. Fún mi lómi."

Mo fún un lómi. Ẹ̀rín yẹn wọ inú egungun mi, ó fẹ̀yìn tì síbẹ̀.

Mo gbọ́ ohun tó sọ nípa fífi géèmù sílẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ó bá pàdánù, ohun kan tó ń mú inú rẹ̀ dùn ti tán nìyẹn. N kò lè sọ pé n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni etí mi ń gbọ́ ṣáá.

Mo bá lọ sọ́dọ̀ Manong Kiro.

Manong Kiro ti di àgbàlagbà, irun rẹ̀ ti funfun báláú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù ń dùn mọ́ ọn bí ọ̀rọ̀ ìyàwó tuntun. Ẹnu rẹ̀ dùn púpọ̀. Níbí, bí ẹnì kan bá fi ẹnu dídùn mú ọ ra ohun tí o kò wá rà, budol ni à ń pè é. Gbájúẹ̀ ni, àmọ́ ìwọ alára ni wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é fún ọ.

Ó to kíbọ́ọ̀dù sórí tábìlì bí ẹni tó ń to ẹja.

"Jókòó," ó ní. "Má sọ̀rọ̀. Tẹ eléyìí."

Mo tẹ̀ ẹ́. "Ó ń dún bí ewúrẹ́ tó ń rìn lórí páànù, Manong."

"Ti ọ́fíìsì nìyẹn. Bọ́tìnnì rẹ̀ ní láti kanlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Tẹ èyí."

"Èyí rọ̀ jù. Ó dà bíi kí n máa fi ìka gún ìrẹsì."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Fún àwọn tó ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ ni. Èyí ńkọ́?"

Mo na ìka sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́tà ti jáde lójú kọ̀ǹpútà.

"Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ o."

"O mí sí i," ni Manong Kiro wí. "Ó gbọ́."

Mo fà sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mọ̀ pé ẹja ti gbé ìwọ̀ mì.

"Ìyẹn kò tíì tó nǹkan," ó ní. "Ṣé o mọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe? Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé o tẹ nǹkan. Àfi kó bi kíbọ́ọ̀dù léèrè. Á ní, 'Ṣé ọ̀rọ̀ wà?' Kíbọ́ọ̀dù á ní, 'Kò sí.' 'Ṣé ọ̀rọ̀ wà?' 'Kò sí.' 'Ṣé ọ̀rọ̀ wà?' 'Ó wà, ó ti tẹ ẹ̀ṣẹ́.'"

"Bíi ti ìyá ìyàwó mi."

"Gẹ́lẹ́. Ti ọ́fíìsì yìí, ìgbà márùndínláàádóje ni wọ́n ń bi í léèrè láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Onírẹ̀lẹ̀ yìí, èyí tó rọ̀, ẹgbẹ̀rún. Eléyìí..." Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ìjọ. "Ẹgbàárin."

"Ẹgbàárin ìgbà? Nígbà tí ènìyàn ń ṣẹ́jú?"

"Kí o tó rò ó pé o fẹ́ ju ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀ṣẹ́ ti dé."

Ó ní kí n fi géèmù dán wọn wò. Mo fi onírẹ̀lẹ̀ jà, mo fi ẹlẹ́gbàárin jà. Mo tún padà sí onírẹ̀lẹ̀. Kí n sọ òótọ́ fún yín, n kò mọ ìyàtọ̀ kankan. Ìka mi kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Manong Kiro ń wo ojú mi bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ wà nínú yàrá ìbímọ.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n lára?"

"Ha, Manong," mo ní. "Bíi mànàmáná."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ni ó jẹ́ fún àwọn yòókù.

"Ra ọ̀kan, gba ọ̀kan ni," ni Manong Kiro wí. "Ìbejì ni wọ́n. Ìwọ ọ̀kan, Gilda ọ̀kan. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ti gbó, tí ìbéèrè náà bá ń dà á láàmú, tẹ bọ́tìnnì méjì yìí pọ̀. Á padà sí bíi ti ọ́fíìsì. Kò ní hàn sí ojú."

Kò ní hàn sí ojú. Ó yẹ kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Agboòrùn mi ni mo gbàgbé síbẹ̀.

Nígbà tí Gilda rí tirẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà.

"Ìwọ ni o ra eléyìí? Fún èmi?"

"Fún ìwọ."

"Jẹ́ kí n fi ọ̀rá wé e."

"Inday," mo fi orúkọ ìkẹ́ pè é, "a kì í fi ọ̀rá wé kíbọ́ọ̀dù."

"Rìmóòtù wa ńkọ́? Wò ó bó ṣe ń dán."

Òótọ́ ni. Láti ìgbà ìgbéyàwó wa ni rìmóòtù wa ti wà nínú ọ̀rá. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ síbi àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń dúró de àjọ̀dún. Mo tẹ bọ́tìnnì méjì náà pọ̀ lára tirẹ̀. Iná kékeré kan ṣẹ́jú, bí ẹni tó ń béèrè bóyá ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú.

Ìgbà náà ni mo rí i pé mo ti kó sí wàhálà. Ìbejì ni wọ́n lóòótọ́. Bí mo bá ṣí ojú kúrò, n kò ní mọ èyí tó lọ́ra mọ́. Mo wá téèpù, ó ti tán. Mo wá bírò, kò kọ ara ike. Nínú dúrọ́ọ̀, sítíkà Santo Niño ni mo rí, àwọn kéékèèké tí ìjọ ń pín kí a lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mo lẹ ọ̀kan mọ́ abẹ́ èyí tó lọ́ra, ti Gilda.

Ọmọ Mímọ́ náà gbé ọwọ́ sókè, ó ń bùkún mi. Mo yára yí ojú kíbọ́ọ̀dù padà sókè kí ó má baà máa wò mí.

Nígbà tí a jẹun tán lọ́jọ́ náà, a jà. Mo nà án.

Ẹ̀yin ará, láti ọjọ́ tí mo ti mọ Gilda, n kò nà án rí. Mo dìde, mo jó yí tábìlì ká. Ajá wa jáde fún mi.

"Lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Gilda wí.

Mo tún nà án.

"Ìyára yìí, Gilda. Ṣé o rí i? Mi ò tíì rò ó tán, ẹ̀ṣẹ́ ti dé."

"Mo rí i."

"Ẹgbàárin ìgbà."

"Mo ti gbọ́, Dulfo."

Ó ń fọwọ́ ra ìka rẹ̀. Mo rí i. Mo tún jó.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ilẹ̀ kò gbà mí. Mo ṣàlàyé fún ẹlẹ́ja. Mo ṣàlàyé fún fádà lẹ́nu ọ̀nà ìjọ, ó ní òun á gbàdúrà fún mi. Ẹni tó gbé fáànù wá fún àtúnṣe, mo sọ fún un pé ìyá fáànù rẹ̀ kò bi í léèrè tó nígbà tó wà ní kékeré. Ó gbé fáànù rẹ̀ lọ.

Nang Consorcia, ìyá aládùúgbò wa tó ń ta batchoy, ọbẹ̀ olómi tí a fi núdù sè, pè mí.

"Wọ́n ní o ń na Gilda báyìí."

"Nínú géèmù ni o, Nang."

"Mo mọ̀. Ká ní kì í ṣe nínú géèmù ni, omi ọbẹ̀ yìí ni ǹ bá da lé ọ lórí. Jókòó." Ó bu batchoy kún abọ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ó fi ẹ̀dọ̀ kún un. "Jẹ ẹ́, akọni."

Mo jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ akọni dùn.

Ọjọ́ kan, mo rí Gilda tó ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná tó sì ń di ojú. Mo sún mọ́ kíbọ́ọ̀dù náà láti dá a padà. Mo na ìka sí i. Mo rántí ẹ̀rín, òsúkè, "bóyá ìwọ." Mo lọ tún fáànù ṣe.

Ó bi mí léèrè o. Kí ẹ má baà sọ pé kò béèrè. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni, ó ń so sampagita.

"Dulfo, ṣé ọ̀rọ̀ wà?"

Ọ̀dọ̀ mi ni ó ti kọ́ ọ, níbi tí mo ti ń ṣàlàyé kíbọ́ọ̀dù fún un ṣáá.

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Mi ò mọ̀. O ń rẹ́rìn-ín lójú oorun."

"Kò sí ọ̀rọ̀."

"Ó dáa."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó béèrè. Ká ní kọ̀ǹpútà ni, ìbá ti béèrè títí n ó fi jẹ́wọ́. Ènìyàn ni Gilda. Ó gba ohun tí mo sọ, ó padà sídìí òdòdó rẹ̀.

Ọjọ́ àjọ̀dún pé. Pápá básíkẹ́ẹ̀tì kún. Oníkálukú gbé kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ wá láti ilé, Manong Kiro di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú. Mo wọ aṣọ pupa.

Mo na ọkọ ọmọ olórí àdúgbò. Mo na atukọ̀ òkun kan tó wá sílé fún ìsinmi, tó ní òun ti fi géèmù yìí na àwọn ará Nọ́wè lórí ọkọ̀. Mo na olùkọ́ eré ìdárayá. Bí mo ṣe ń nà wọ́n ni mò ń ṣàlàyé fún wọn.

"Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ," mo sọ fún atukọ̀ náà. "Wọn kò bi kíbọ́ọ̀dù rẹ léèrè tó ni."

"Ẹ wo ìka Dulfo," ni Manong Kiro ń wí lórí ẹ̀rọ. "Ẹgbàárin ìgbà, ẹ̀yin ará. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ra ọ̀kan, gba ọ̀kan."

Ó wá ku èmi àti Gilda.

Ó fi sampagita sọ́rùn. Ó gbé abọ́ omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó fi yẹ̀rì nù ún. Nígbà tí mo rí abọ́ yẹn, ó dùn mí díẹ̀. Díẹ̀ ni.

Ó tẹ̀ sí mi létí. "Dulfo, tòní kì í ṣe eré o."

"Ṣé o ti ń ṣeré tẹ́lẹ̀ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà.

Kí ni mo fẹ́ sọ fún yín nípa ìjà náà? Mo fò sókè, ó ti ń dúró dè mí níbẹ̀ bí ẹni tí a jọ dá àdéhùn. Mo sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Mo sá sí kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀ náà lù mí. Kí n tó rò ó pé mo fẹ́ ju ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀ṣẹ́ ti dé lóòótọ́, tirẹ̀ ni.

Pápá hó. Wọ́n ti ń gbé ẹlẹ́dẹ̀ bọ̀.

"Akọni," ni Nang Consorcia kígbe láti ìdí ìkòkò rẹ̀, "pọ batchoy mi jáde."

Ká ní mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, n kò ní ní ìtàn tí mo lè sọ fún yín lónìí. Àmọ́ mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Manong Kiro.

"Kíbọ́ọ̀dù mi ní àléébù," mo ní. "Mo tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀," ni Manong Kiro wí. "Èmi ni mo tà á."

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níṣojú gbogbo ènìyàn."

Ó ṣí ojú ìwé kan sórí aṣọ funfun náà, èyí tí wọ́n fi ń mọ iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń bi kíbọ́ọ̀dù léèrè. Ó ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì. Mo ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, mo sì ń wo ojú àwọn ènìyàn, mò ń retí ẹgbàárin.

Ojú wọn kò rí bí ojú ẹni tó rí ẹgbàárin. Mo yíjú sókè. Ó ga tó ilé: márùndínláàádóje.

"Ti ọ́fíìsì," ni Manong Kiro wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ sunkún.

"Kì í ṣe tèmi nìyẹn," mo ní. "Ti Gilda nìyẹn."

"Báwo ni o ṣe mọ̀ pé ti Gilda ni yóò rí bẹ́ẹ̀?"

"Nítorí pé èmi ni mo..."

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu mi. Ohùn mi lọ lu ògiri ìjọ, ó sì padà wá bá mi. Èmi ni mo. Èmi ni mo.

Mo gbọ́ bí ọbẹ̀ Nang Consorcia ṣe ń hó.

Gilda dìde. Ó gba kíbọ́ọ̀dù náà lọ́wọ́ mi, ó yí abẹ́ rẹ̀ sókè. Santo Niño gbé ọwọ́ sókè, ó ń bùkún gbogbo wa.

"Ìwọ ni o lẹ eléyìí?" ó ní.

"Èmi ni."

"Nítorí kí ni?"

"Kí n má baà ṣì í mú. Kí n lè mọ èyí tó lọ́ra."

Ó wò mí. Ó wo sítíkà náà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò pariwo, ṣùgbọ́n mo ti gbé ẹ̀rọ náà wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìmọ̀, gbogbo ayé sì gbọ́.

"Ọjọ́ tí mo ti ibi àdúrà dé ni mo rí i," ó ní. "Mo ní, ẹ wo Dulfo. Ó fi Ọmọ Mímọ́ sábẹ́ tèmi kí ìka mi má baà dùn mí. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún. Mo wá ní, rárá, òun ni kò borí rí. Kó mú èyí tí a bùkún. Mo pààrọ̀ wọn."

"Láti ọjọ́ náà?"

"Láti ọjọ́ náà."

Ó yẹ kí n dákẹ́. Ẹnu mi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ṣùgbọ́n mo nà ọ́ nílé."

"Mo jẹ́ kí o nà mí ni. O jó yí tábìlì ká. Mo ní, ẹ jẹ́ kó jó."

"Ìyára yẹn ńkọ́?"

"Ìyára wo, Dulfo?"

Ẹ̀rín wó lulẹ̀ bí òjò orí páànù. Atukọ̀ òkun náà, ẹni tí kíbọ́ọ̀dù tó lọ́ra jù lọ ní Villa ti nà, rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Manong Kiro fi ọwọ́ bojú. Fádà ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo rí i pé ẹnì kan ṣoṣo kò rẹ́rìn-ín.

Gilda da omi abọ́ rẹ̀ nù. Ó na ìka sí ẹlẹ́dẹ̀ náà.

"Ẹ bá mi wá ẹni tí yóò gbé e," ó sọ fún wọn. "Kì í ṣe ọkọ mi lọ́dún yìí."

Atukọ̀ náà ni ó gbé e. Èmi tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mo gbé kíbọ́ọ̀dù méjì dání.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ẹlẹ́dẹ̀ fi tán. Ẹlẹ́dẹ̀ ńlá ni. Mo ń fi ojú wọn egungun rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí ó ku etí nìkan, mo jẹ ẹ́ kíákíá.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná, ó pè mí.

"Mo sọ fún ọ pé bí mo bá pàdánù, mo fi sílẹ̀. O gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"O gbọ́, o sì tẹ̀ ẹ́."

"Mo tẹ̀ ẹ́."

"Ìyẹn dùn mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó dùn mí jù. Mo bi ọ́ léèrè, Dulfo. O ní kò sí ọ̀rọ̀."

Ó ń ká ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nínú omi.

"Ó dáa," ó ní. "Bí ẹ̀ẹ̀kan kò bá tó ọ, láti òní lọ màá máa bi ọ́ léèrè bí kọ̀ǹpútà. Bí mo bá béèrè, dáhùn kíá. Ṣé ọ̀rọ̀ wà?"

"Kò sí."

"Ṣé ọ̀rọ̀ wà?"

"Kò sí, Inday."

"Ṣé ọ̀rọ̀ wà?"

"Ó wà. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Èmi sì ni mo jẹ etí ẹlẹ́dẹ̀."

Ó gbìyànjú láti pa ẹnu dé. Kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rín jáde lára rẹ̀ bí omi tó já páìpù. "Ìyára wo," ó ní, ó gbá tábìlì, "ó ní ìyára yẹn ńkọ́." Ó fara ti ògiri, òsúkè dé. Mo ti di omi mú kó tó béèrè.

Ó bi mí léèrè lóòótọ́ o. Mo wà nínú ilé ìwẹ̀, á kan ilẹ̀kùn: "Ṣé ọ̀rọ̀ wà?" Nínú ọkọ̀ jíípínì, láàárín èrò. Nígbà tí fádà ń wàásù. Á pè mí lórí fóònù, á béèrè, màá ní kò sí, á pa fóònù. Mo jẹ́wọ́ gbogbo nǹkan. Èmi ni mo fọ́ ife ìyá rẹ̀. N kò fẹ́ràn ọbẹ̀ àbúrò rẹ̀. Agboòrùn kò sọnù, ó wà lọ́dọ̀ Manong Kiro, ojú ló ń tì mí láti lọ gbà á. Ara mi kò fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Kò fi géèmù sílẹ̀. Ó ń gba ẹlẹ́dẹ̀, ó sì tún gbà kí n máa gbé e. Kíbọ́ọ̀dù onísítíkà, ó ní kí n má ṣe yí i padà láé. "Tìrẹ nìyẹn," ó ní. "Òun ni a bùkún." Òun ni mo ń fi bá a jà. N kò nà án mọ́, àfi bí ó bá rí i pé ó rẹ̀ mí, tí ó fẹ́ kí n jó.

Gilda ti lọ báyìí. Kì í ṣe ìka ló ṣe é, àrùn ọkàn ni. Ní ilé ìwòsàn, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ gan-an, ó yí ojú sí mi.

"Ṣé ọ̀rọ̀ wà?"

Mo ní ó wà. Mo sọ ọ́ fún un. Ìyẹn kì í ṣe ti ìwé yìí.

Ẹ̀kọ́ tèmi kò gùn. Bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá bi yín léèrè lẹ́ẹ̀kan, ẹ má jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní ìyára tí ìka yín kò gbọ́.

Kíbọ́ọ̀dù Gilda wà nínú ọ̀rá, bí ó ṣe fẹ́. Èyí tí mo fi tẹ ìtàn yìí ni ti Santo Niño. Ó ṣì lọ́ra bí mo ṣe sọ ọ́ dà. Bí mo bá gbé ìka kúrò lórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà kò dákẹ́. Ó ń béèrè bóyá ọ̀rọ̀ wà.